Ilé Tó Ń Dẹ́rù Ba Láníhùn

Ẹ ti fura tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ ká kàn sọ ọ́ jáde: bí ilé baba kò bá ba ọmọ kankan lẹ́rù rí láyé, kò sí ẹni tí ì bá jókòó pa á lówe. A kì í pa á lówe pé ẹja kì í bẹ̀rù odò. Síbẹ̀ tọmọdé tàgbà ló ń wí i pé ilé baba ọmọ kì í ba ọmọ lẹ́rù. Ta wá ni ilé dẹ́rù bà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti wí i?

Láníhùn ni. Àrẹ̀mọ ilé Olówóòkéré ni a mọ̀ ọ́n sí. Láyé ìgbà tí páànù ń lé koríko kúrò lórí ilé, òun ló kọ́kọ́ fi páànù bo ilé ládùúgbò Ìdí-Àràbà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bí òjò bá ń rọ̀, á ní, "Ẹ ò gbọ́ bí ilé mi ṣe ń ké?" Ilé tí olóògbé Olówóòkéré fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ni o, òun kàn dé fìlà fún un ni.

Páànù kò tó o. Ó ń fẹ́ ọlà tí yóò máa dá wọlé fúnra rẹ̀ bí ewúrẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ìgbà náà ni Fábíàn dé, ọkùnrin kan tó ti ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ òkun títí dé ilẹ̀ Ṣáínà. Ó ní àwọn ará ibẹ̀ ní ìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní afẹ́fẹ́-àti-omi: ibi tí ilẹ̀kùn kọjú sí, ibi tí ibùsùn dorí kọ, ibi tí ìkòkò jókòó sí, àwọn ló ń pe ọrọ̀ wọlé tàbí kí wọ́n lé e jáde. Ó lè jẹ́ ọgbọ́n ńlá lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín. Èyí tó dé Ìdí-Àràbà, ẹnu kúùkù ló gbà dé.

Fábíàn rìn yí ilé ká, ó ń gbóòórùn kiri bí ẹni tí ọbẹ̀ ń jóná fún.

"Ọ̀gá mi, ẹsẹ̀ ta ló kọjú sí ilẹ̀kùn ní yàrá yìí?"

"Ẹsẹ̀ mi ni."

"Háà! Bí wọ́n ṣe ń gbé òkú jáde nìyẹn. Ẹ tiẹ̀ lágbára o, tí ẹ ṣì ń mí!"

Ọjọ́ náà ni ẹ̀rù wọ ilé. Wọ́n yí ibùsùn padà. Wọ́n ní àmù omi kò gbọdọ̀ máa wo ojú iná, ni wọ́n bá gbé ààrò kúrò lẹ́yìnkùlé wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Èéfín wá ń kí àlejò kí onílé tó kí i. Wọ́n di ilẹ̀kùn iwájú pa nítorí pé ó kọjú sí oríta. Láníhùn, àgbà ọkùnrin, wá ń gba ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀ wọlé bí olè adìyẹ. Wọ́n tún gbé dígí gàgàrà kọ́ sí ọ̀nà ẹ̀yìn náà, kó lè máa lé ibi padà. Láníhùn ti oko dé, ó rí ọkùnrin kan tó ranjú mọ́ ọn, ó fa àdá yọ, ó figbe ta. Ìyàwó rẹ̀ sáré dé.

"Olówó orí mi, ẹ̀yin mà nìyẹn!"

"Mo mọ̀," ni Láníhùn wí, ó ń ti àdá bọ àkọ̀ padà. "Mò ń dán an wò ni."

Ì bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló mọ, à bá rẹ́rìn-ín tán, à bá bá tiwa lọ.

Ṣùgbọ́n Àyọ̀ká, àbúrò Láníhùn obìnrin, ló ń gbé yàrá igun, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń wọlé. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Àwọn ẹbí ọkọ ní dandan, àbúrò ọkọ ni yóò ṣú u lópó. Àyọ̀ká kọ̀, ó di ẹrù, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó padà sílé baba rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà níbẹ̀? Ibòmíràn wo ni ì bá lọ?

Fábíàn na ìka sí yàrá náà. "Igun ọlà nìyí. Ẹni tó ń sùn síbẹ̀, orí ọrọ̀ yín ló ń sùn lé. Àti obìnrin tó kọ ilé ọkọ! Ọlà kì í dúró ti irú wọn."

"Kí ló wá yẹ níbẹ̀?"

Fábíàn gbójú sókè wo àjà. "Ẹni tó bá mọ ọ̀nà afẹ́fẹ́ ló yẹ kó máa sùn síbẹ̀, kó lè máa ṣọ́ ọ."

Ojú kò sì ti Láníhùn. Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà àbúrò rẹ̀, ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú lọ́wọ́, ó ní, "Àyọ̀ká, di ẹrù ẹ. O ń dí ọlà lọ́nà."

Àyọ̀ká rò pé àwàdà ni. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi tí mo tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí? Ọlà yín mà sanra o!"

"Mi ò bá ẹ ṣeré. Kílẹ̀ ó tó ṣú."

"Níbo ni kí n lọ?"

"Ilé ọkọ ẹ ńkọ́?"

Àyọ̀ká gbé ọmọ rẹ̀ lé èjìká. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ẹ ti bẹ̀rù ilẹ̀kùn, ẹ bẹ̀rù àmù, ẹ bẹ̀rù ojú ara yín nínú dígí. Ẹ má retí pé kí n bá yín bẹ̀rù. Ilé baba ọmọ kì í ba ọmọ lẹ́rù. N kò lọ síbì kan."

Láníhùn gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ rẹ̀, ó sọ ọ́ síta. Ìkòkò tẹ̀ lé e, ẹní tẹ̀ lé ìkòkò. Àwọn aládùúgbò pé jọ, wọ́n ń pòṣé, wọ́n ń mirí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ mú ohun kan nílẹ̀. Pípòṣé kò kúkú ná èèyàn ní nǹkan.

Bàbá Láwọyin, àbúrò olóògbé Olówóòkéré, ló fi ọ̀pá tilẹ̀ dé. Ó wo ẹrù nílẹ̀, ó wo Fábíàn tó ti ń tẹ́ ẹní tirẹ̀ sí yàrá.

"Láníhùn, ta ló kó ẹrù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi síta?"

"Èmi ni, Bàbá. Èmi ni àrẹ̀mọ. Èmi ni mo nilé."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Ṣé ó tún yẹ kẹ́nìkan sọ ọ́? Obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ, kí ló ń wá níbí?"

Arúgbó náà mí kanlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ̀gbọ́n mi mú wa búra pé a kò ní sọ. Ó ní ẹni tó bá ti ń pe òun ní baba, ọmọ òun ni, kò gbọdọ̀ ṣojo nínú ilé òun. A sì pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni tó mú wa búra ló wà níta yìí, tòun tọmọ ọwọ́ rẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ wo, Bàbá?"

Àyọ̀ká fò dìde. "Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́." Ó ti mọ̀ láti kékeré, kò sì fi bú Láníhùn rí, kódà nígbà tí wọ́n ń jà lórí ẹran.

"Yóò gbọ́ ọ," ni Bàbá Láwọyin wí. Ó sì sọ ọ́, lójú gbogbo àwọn tó ń pòṣé. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó fúnra rẹ̀ ká ẹní Àyọ̀ká nílẹ̀, ó gbé e padà sí yàrá igun. Nígbà tí yóò débẹ̀, Fábíàn ti bá ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀ lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbọ́ ọ pé ilé baba ọmọ kì í ba ọmọ lẹ́rù, ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ ìyànjú lásán. Nínú gbogbo ilé Olówóòkéré, ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ̀rù kò bà, òun ni ọmọ tí Olówóòkéré bí. Ní ti Láníhùn, ìyá rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n wọ ilé náà.