Páálí Fìríìjì Lẹ́nu Ọ̀nà Sítọ́ọ̀

Ìlara Ọ̀gbẹ́ni Láṣèbíkan, ọ̀gá àgbà káńsù, pọ̀ débi pé bí akọ̀wé bá wọ bàtà tuntun, kò ní dáhùn kíkí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé fìríìjì ìjọba lọ sílé, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé ọ́dítọ̀ ń bọ̀ wá yẹ ẹrù ìjọba wò lọ́la, ó pe Mọrẹ́nikẹ́ tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀, ó ní: "Fìríìjì sọnù lọ́wọ́ rẹ. Wá a jáde, àbí kí o palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́." Gbogbo káńsù ló mọ ibi tó wà, ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́ sọ ọ́? Mọrẹ́nikẹ́ ní, "Ó dáa, sà." Ó gbé páálí fìríìjì ńlá kan sẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀, ó dúró tì í títí ọ̀gá fi ń kọjá, ó wá ké sí Alàájì Ṣítù, ọ̀gá ẹ̀ka ojú ọ̀nà, tí Láṣèbíkan ò fẹ́ rí sójú: "Alàájì, bí wọ́n bá ní kí ẹni tó bá dá fìríìjì tó ti gbó padà gba tuntun, ṣé ẹ máa rí ọ̀kan mú wá?" Alàájì ní, "Kí ló dé tí mi ò ní rí i!" Láṣèbíkan ò dúró gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun ló kọ́kọ́ dé, ó gbé fìríìjì sẹ́yìn mọ́tò, tòun ti nọ́ńbà ìjọba tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sí i lára. "Tuntun mi dà? Má fún Ṣítù o!" Ẹnu èyí ni ọ́dítọ̀ bá wọn. Ó ṣí fìríìjì, ó bá ìkòkò ẹ̀gúsí ìyàwó ọ̀gá nínú rẹ̀. Mọrẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì na páálí òfìfo náà sí ọ̀gá: "Ẹ ṣé tí ẹ bá mi wá a rí, sà. Ẹ fi èyí gbé ọbẹ̀ yín lọ sílé."