Kànga Tí Wọ́n Wọ̀n Lóṣù Keje

Ọkùnrin kan wà tó ń gbẹ́ kànga, wọ́n sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ó ní ihò tí wọ́n ní kó gbẹ́ kò jìn tó.

Orí yangí ni ìlú rẹ̀ wà. Ó ti ń gbẹ́ kànga níbẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, èjìká rẹ̀ sì ti tẹ̀ síwájú bíi ti ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀. Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ gbẹ́ kànga mẹ́rìnlá fún ìlú náà, òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Iwájú ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ní ìparí oṣù keje. Nígbà tó gbẹ́ ẹ dé ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, omi sun jáde, ẹnjinníà tó ń bójú tó iṣẹ́ náà sì ní kó máa gòkè bọ̀.

Ó gòkè wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kó dígà rẹ̀ jáde.

"Ẹnjinníà, omi òjò lèyí," ló wí. "Orí yangí ló jókòó lé. Tó bá di oṣù kejì, ẹ ò ní bá a níbẹ̀. Abẹ́ yangí ni omi gidi wà, ó kù bí ogún ẹsẹ̀ bàtà sí i."

Ẹnjinníà náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ka ojú ewé kan, ó sì tún un kà. "Bàbá, onímọ̀ márùn-ún ló ti wá wọn omi ìlú yín yìí, láti yunifásítì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn márààrún ló ní ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà ti tó. Àbí ẹ̀yin náà ti kọ ìwé tiyín ni?"

Àwọn òṣìṣẹ́ tó dúró yí ká bú sẹ́rìn-ín.

"N kò mọ̀wé kọ," ni agbẹ́kànga dáhùn, "ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí omi ń sá lọ."

"Ó dáa, ẹ máa sá tẹ̀ lé e," ni ẹnjinníà wí.

Bí wọ́n ṣe dá a dúró nìyẹn. Ẹlòmíràn ló gbẹ́ mẹ́tàlá yòókù.

Kí oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ti gbẹ. Ní ilé ìgbẹ̀bí, aboyún tó bá fẹ́ bímọ ní láti gbé omi tirẹ̀ dání láti ilé. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹnjinníà, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ nípa àwọn onímọ̀ márùn-ún rí. Ẹni tí wọ́n rí tó ń fa yẹ̀pẹ̀ jáde ni wọ́n bá wí. Agbẹ̀bí àgbà pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì fi ohùn òkè bá a sọ̀rọ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn.

"Bàbá oníkànga! Ṣé kànga lẹ gbẹ́ fún wa àbí sàréè? Ẹ wá bu omi mu níbẹ̀ ká rí yín!"

Ọkùnrin náà kò ní ohun ìní kan tó tó orúkọ rẹ̀. Tí wọ́n bá ń ta ilé nílùú náà, wọ́n á ní, "Bàbá yẹn ló gbẹ́ kànga rẹ̀," ẹni tó fẹ́ rà á kò sì ní bèèrè ọ̀rọ̀ omi mọ́. Láti ọjọ́ tí agbẹ̀bí ti sọ̀rọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó tún pè é síṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni olùkọ́ yunifásítì kan dé, obìnrin tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ìyanṣẹ́lódì ti ti kíláàsì rẹ̀ pa, ìyẹn ló fún un láyè láti jáde ṣe ìwádìí nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ju okùn tó so irin mọ́ sínú kànga ilé ìgbẹ̀bí. Irin náà ró gbì lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó bèèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ, wọ́n sì fi ìbínú júwe ilé rẹ̀ fún un.

Ó kó ìwé tí àwọn onímọ̀ márùn-ún yẹn kọ dání. Ó ka ọjọ́ tí wọ́n wọn omi nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí agbẹ́kànga létí: oṣù keje, oṣù kẹjọ, oṣù keje, oṣù keje, oṣù kẹjọ.

"Kí ló dé tó jẹ́ inú òjò nìkan ni wọ́n ń wá?"

"Ìgbà yẹn làwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lọ ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, Bàbá. Ìgbà yẹn la máa ń ráyè."

Agbẹ́kànga mi orí. "A jẹ́ pé wọn kì í ṣe ẹlẹ́rìí márùn-ún. Ẹlẹ́rìí kan ni, tó wá lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ta ni wọ́n tiẹ̀ bi léèrè?"

"Ààfin ni wọ́n lọ. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ọba ní omi kì í wọ́n."

"Ọba! Ẹni tí wọ́n ń pọnmi fún láti ọjọ́ tó ti gorí oyè? Báwo lomi ṣe fẹ́ wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wọn gbogbo kànga ìlú. Àwọn tí agbẹ́kànga ti gbẹ́ kọjá yangí látijọ́ ní omi. Obìnrin náà kọ ohun tí wọ́n rí, ó fi orúkọ agbẹ́kànga tẹ̀ lé tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé kejì, ó sì fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí jọ́nà tí àwọn onímọ̀ omi ń kà.

Oṣù méje kọjá kí èsì tó dé. Wọn kì í sọ orúkọ onímọ̀ tí jọ́nà ní kó yẹ iṣẹ́ wò, ṣùgbọ́n bí obìnrin náà ṣe ka lẹ́tà náà, ó mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún ló kọ ọ́. Ẹni náà ní àbájáde yìí tako ohun tí gbogbo onímọ̀ ti mọ̀. Ó ní kó lọ tún omi wọ̀n lásìkò tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ó sì bèèrè yunifásítì tí òǹkọ̀wé kejì wà.

Obìnrin náà mú lẹ́tà náà tọ agbẹ́kànga lọ.

"Sọ fún wọn pé abẹ́ ilẹ̀ ni mo ti gboyè," ni bàbá wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ìgbéga rẹ̀ rọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. "Bàbá, tí mo bá yọ orúkọ yín, tí mo fi 'ará ìlú kan' rọ́pò rẹ̀, tí mo sì padà wá lóṣù keje, wọ́n á gbà á."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. Ó ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé tí ìwé náà bá jáde, òun yóò bẹ ẹnìkan kó kà á sókè níwájú ilé ìgbẹ̀bí, kí agbẹ̀bí àgbà gbọ́ orúkọ òun níbẹ̀. Ó fọwọ́ nu ojú.

"Tó bá jẹ́ orúkọ mi ló dí ọ̀nà, ọmọ mi, yọ ọ́. Orúkọ mi kò pọnmi fún aboyún kankan. Ṣùgbọ́n oṣù kejì, má yọ ọ́. Tí o bá yọ ọ́, ẹ ti di mẹ́fà nìyẹn."

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sípò ẹni tí yóò máa sọ pé iṣẹ́ yìí yẹ, tọ̀hún kò yẹ, ìwọ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn kò purọ́. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí omi náà, òjò ló ń rọ̀ nígbà tó wá. Ìwọ náà lè kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ́la, kí ọkàn rẹ má sì dá ọ lẹ́bi. Nítorí náà, bí ọ̀pọ̀ ìwé bá fẹnu kò, bèèrè oṣù tí àwọn tó kọ wọ́n wá, àti ilẹ̀kùn ẹni tí wọ́n kàn. Bí ẹnìkan bá sì ti inú ihò jáde pẹ̀lú amọ̀ lára, tó ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́ bèèrè ohun tó rí. Yunifásítì rẹ̀ lè dúró ná.

Obìnrin náà dá iṣẹ́ náà padà pẹ̀lú orúkọ méjèèjì, oṣù kejì sì wà nínú rẹ̀. Jọ́nà náà kọ̀ ọ́. Ó ti fi ránṣẹ́ sí òmíràn, ó pé oṣù mẹ́sàn-án báyìí, wọn kò tíì fèsì, wọn kò sì tíì gbé e ga níbi iṣẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ ti ní kí wọ́n gbẹ́ kànga mẹ́fà sí i lọ́dún tó ń bọ̀. Ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n kọ sínú ìwé iṣẹ́ náà.