Àáró Tí Ẹlẹ́dẹ̀ Bá Ikán Ṣe

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ṣé oorun ti ń kùn yín ni? Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀ o, Ìyá Àgbà!"

"Ẹ̀hẹ́n. Àlọ́ mi ta kìtì, ó fo òrùlé kọjá, ó bọ́ sórí Ẹlẹ́dẹ̀ onímú gígùn."

"Imú gígùn kẹ̀? Pẹlẹbẹ ni imú ẹlẹ́dẹ̀!"

"Dúródọlá, ta ló ń pàlọ́, èmi àbí ìwọ? Panu mọ́, wàá gbọ́ bó ṣe di pẹlẹbẹ."

Ní ìgbà kan rí, imú Ẹlẹ́dẹ̀ gùn, ó rí ṣóńṣó. Àràárọ̀ ló ń fi adín pa á, kì í sì í jẹ́ kó kan ilẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ yìí ló rí Àwẹ̀ró, ọmọ Ládiméjì àgbẹ̀, ìfẹ́ rẹ̀ sì kó sí i lọ́kàn, ló bá lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Ládiméjì ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ igi lò ń sùn, ọmọ mi kì í sì í sùn síbẹ̀. Lọ kọ́lé. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá bá ilé náà láìbò, Àgbò tí òun náà ń fẹ́ ẹ ni n óò fi Àwẹ̀ró fún."

Ẹlẹ́dẹ̀ sáré tọ àwọn Ikán lọ, torí kò sẹ́ni tó mọ amọ̀ bíi tiwọn. Ìwọ Akinlàjà tó ń gbọ́ mi yìí, bàbá rẹ tó jẹ́ bíríkìlà gan-an ò lè bá wọn du ú. Yèyé Ikán ní kí àwọn dé ọ̀dọ̀ Ládiméjì ná, kí ọ̀rọ̀ má baà di mo sọ, n kò sọ.

"Kí á fẹnu kò kí á tó po amọ̀," ni Yèyé Ikán wí nígbà tí wọ́n débẹ̀. "Ṣé o máa sanwó iṣẹ́ ni? Àbí o fẹ́ bẹ̀ wá lọ́wẹ̀, kí o máa se iṣu fún wa títí ilé á fi parí? Àbí àáró ni, kí á ṣe tìrẹ lónìí, kí ìwọ náà wá ṣe tiwa lọ́la?"

Ẹlẹ́dẹ̀ rò ó. Owó? Kò wù ú san. Ọ̀wẹ̀? Ó wo ẹnu àwọn Ikán lọ rẹrẹ, ó rí i pé iṣu oko òun ò lè tó wọn jẹ. Àáró ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín sínú: ta ló rí ikán tó ń wá olùrànlọ́wọ́ rí? Wọn ò ní pe òun láé.

"Àáró ni!"

"Oníkálukú wa tó bá ṣiṣẹ́ nílé rẹ, wàá ṣiṣẹ́ nílé tirẹ̀?"

"Oníkálukú yín! Àtìyá àtọmọ!"

Ẹ gbọ́ ẹnu rẹ̀! Ẹnu wọn ló kà, kò ka ọwọ́ wọn.

"Mo gbọ́ o," ni Ládiméjì wí.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mọ ìpele ògiri kan, wọ́n jẹ́ kó gbẹ, wọ́n mọ òmíràn lé e. Ẹyẹ Ẹ̀gà ló wá fi koríko bẹẹrẹ bo ilé. Ẹ̀gà ní òun ò mọ àáró ní tòun, kí wọ́n wọn àgbàdo òun sílẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ kùn, kùn, ó wọ̀n ọ́n.

Wọ́n bo ilé tán ni òjò àkọ́rọ̀ dé. Kò kán sínú ilé rárá. Àwẹ̀ró wọlé ọkọ, Ẹlẹ́dẹ̀ fi adín para, ó jó.

"Ó parí nìyẹn, Ìyá Àgbà?"

Parí kẹ̀? Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ dáadáa tí ikán kékeré kan fi kanlẹ̀kùn. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹlẹ́dẹ̀, jáde wá o,
"Àáró dé!"
Mo po amọ̀ tìrẹ o,
"Àáró dé!"
Wá po amọ̀ tèmi o,
"Àáró dé!"

Ẹlẹ́dẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìwọ bíńtín yìí?" Ó gbé ọkọ́, ó lọ, ó ṣiṣẹ́ títí oòrùn fi wọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, orin tún dé.

"Ṣebí mo ṣe é lánàá?"

"Ti ẹ̀gbọ́n mi lo ṣe. Tèmi ló kàn."

Ẹlẹ́dẹ̀ yọjú síta. Yéè! Ikán tò láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí dé odò. Ó sáré lọ bá àna rẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbà mí! N óò sanwó!"

"Níwájú mi lo ti sọ ọ́," ni Ládiméjì wí. "Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́."

Ẹlẹ́dẹ̀ padà sílé, ó tilẹ̀kùn, ó wọ abẹ́ ibùsùn lọ. Àwọn Ikán ò bú u. Wọ́n ní, "Kò burú. Bí o ò san àáró, a ó kó iṣẹ́ wa padà." Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òpó ilé, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ògiri sán. Erùpẹ̀ dà sínú ọbẹ̀ Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró di ẹrù rẹ̀. "Ilé ni bàbá mi rí tó fi gbà fún ọ. Bó bá wó, mò ń lọ."

Ó dun Ẹlẹ́dẹ̀ wọra. Alárékérekè ni o, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ dénú. Ó fò jáde: "Ẹ dúró! Mo ń bọ̀!"

Wọ́n dúró lójú ẹsẹ̀.

Ẹlẹ́dẹ̀ ń kọlẹ̀, ó ń po amọ̀, lójoojúmọ́. Ọkọ́ rẹ̀ kán. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí òmíràn. Ló bá ki imú tó ń fi adín pa bọ ilẹ̀. Ilẹ̀ ń jẹ imú, ilẹ̀ ń jẹ imú, ó di pẹlẹbẹ! Nírọ̀lẹ́, Àwẹ̀ró á bá a fọ amọ̀ kúrò níbẹ̀, á ní, "Imú yìí wù mí ju ti àtijọ́ lọ."

Ó ṣe é títí ó fi kú, kò tán. Àwọn ọmọ rẹ̀ jogún rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹlẹ́dẹ̀ fi ń fi imú túlẹ̀ láìgbin nǹkan kan.

"Ìyá Àgbà, ikán wà lára òpó ilé ìdáná wa!"

"Akinlàjà, lọ bi bàbá rẹ bóyá ó ti se iṣu fún àwọn tó bá a lọ́wẹ̀ ru òpó náà."

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò le. Kí á tó ní kí ẹnìkan bá wa ṣiṣẹ́, ká fẹnu kò. Ohun tí a bá sì fẹnu kò lé, ká ṣe é.

Ibí ni mo so àlọ́ mi mọ́. Bí mo bá parọ́, kí ikán jẹ àpótí tí mo jókòó lé; bí n kò bá parọ́, kó gbé mi dalẹ́.

Ẹ wá wo ìdí àpótí ọ̀hún. Ṣé ẹ rí ikán kankan?

"Rárá o, Ìyá Àgbà!"

Ó yá, ẹ lọ sùn.