Òkè Òkò Wà ní Àárín Ìrìn Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Èmi Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Ìdí-Ẹ̀mì, ìlú tí òkúta rẹ̀ pọ̀ ju iṣu rẹ̀ lọ, ni mo fẹ́ sọ bí àpá iwájú orí mi yìí ṣe débẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ajá mi, Tèmiyémi, sá wọ ìlú àwọn ìnàkí, ó sì jẹ ẹyin tí Baálẹ̀ wọn fi pamọ́ fún àlejò. Mo dọ̀bálẹ̀, nítorí ẹni tí ajá rẹ̀ jalè kì í nàró kí onílé. Baálẹ̀ béèrè ilé, ó béèrè ọ̀nà, ó wá sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ajá náà ti di tòun, àfi bí mo bá lè mọ ìgbà tí òkò òun ga jù lọ. Inú ìrókò tí ewé rẹ̀ dí ni yóò sọ ọ́ sí. Èmi kò ní í rí i, àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lórí ẹ̀ka ni ẹlẹ́rìí.

Ó kọ́kọ́ sọ ọ̀kan kí n fi dánra wò. Mo ka oókan bó ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, mo ka ẹẹ́sàn-án bó ṣe balẹ̀. Àlọ òkò àti àbọ̀ rẹ̀ dọ́gba bí ọ̀nà oko, nítorí náà àárín ìrìn náà ni òkè rẹ̀ wà. Mo pín ẹẹ́sàn-án sí méjì, ó di mẹ́rin àbọ̀. Tèmiyémi wò mí bí ẹni wo olódo. Ni mo bá rántí ọjà ọrọọrún wa: ẹni tó ná an lónìí, tó wá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọ̀la, ìsọ̀ òfìfo ni yóò bá, nítorí òní wà nínú kíkà. Oókan ni òkò kúrò. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ló rìn. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin; mo fi kún oókan, ó di aárùn-ún.

Baálẹ̀ tún sọ ọ́ bí ó ti sọ ti àkọ́kọ́. Mo kà dé aárùn-ún, mo ní, "Ó dé òkè."

Ohùn kan dáhùn láti orí ẹ̀ka: "Òótọ́ ni, Bàbá. Ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe."

Baálẹ̀ dá ajá mi padà. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti máa lọ. Ṣùgbọ́n ó ní, "Àgbà ọdẹ, àwa ẹranko ò gbọ́n. Ẹ ṣàlàyé fún wa."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ṣàlàyé. Mo fi igi ya ìrìn òkò sílẹ̀, àlọ àti àbọ̀, títí dé ibi tí yóò bà sí. Wọ́n dúpẹ́ gan-an. Mo ti ń lọ nígbà tí mo gbọ́ ẹnì kan tó ń kà lẹ́yìn mi: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Inú mi dùn. Mo yíjú padà láti yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹẹ́sàn-án sì bà mí níwájú orí.

Wọ́n ní òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Èyí tí a fi ìmọ̀ jù, orí olùkọ́ ló kọ́kọ́ ń bà. Bí òkò bá dé òkè, òun nìkan ni kì í mọ̀. Èmi náà ti dé òkè tèmi lọ́jọ́ náà, mo sì ń ṣàlàyé lọ.

Ó tó báyìí. Kí ẹsẹ̀ gbé yín délé o. Tèmiyémi yóò sìn yín dé ẹnu ọ̀nà; ẹ sáà mójú tó ẹyin yín.