Òfin tí Ọdẹ́wùmí Kọ Sẹ́nu Ọ̀nà Ojúde

Ẹnu kò ní ìlẹ̀kùn ni ilé ẹni ẹlẹ́ni fi ń jó. Etí kò ní ìdérí ni ọkàn fi ń gbọgbẹ́. Báyìí ni owó ẹyọ ṣe sọ fún Ọdẹ́wùmí, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ Ìlọgán nígbà kan rí, ní ọjọ́ tí ayé sú u tí ó gbé ẹkún lọ sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Ẹfúntádé.

Àìsàn tí kò lórúkọ ni ó ń ṣe é. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Bí ó bá jókòó, ara rẹ̀ a máa wá ìdìde. Bí ó bá dìde, ara rẹ̀ a máa wá ìjókòó. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́wùmí mọ ibi tí àrùn náà ti wọlé.

Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni ó dá ilé ìjíròrò kan sílẹ̀ lórí ayélujára fún àwọn ọmọ Ìlọgán tí ń bẹ nílé àti lẹ́yìn odi. Ó pè é ní Ojúde Ìlọgán. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè wọlé, kí ó sọ ara rẹ̀ ní orúkọ tí ó wù ú, kí ó sì sọ tinú rẹ̀. Ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, Ojúde dá páró. Ẹni mẹ́ta, ẹni mẹ́rin ni ó ń kí ara wọn láàárọ̀, wọn a sì túká. Ìdákẹ́jẹ́ yìí dun Ọdẹ́wùmí dé egungun. Ó bá yan orúkọ ìbòjú kan fún ara rẹ̀, Olóòótọ́-Inú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ náà béèrè irú ìbéèrè tí ń yún ènìyàn létí. Kò pẹ́ tí Ojúde fi kún. Wọ́n ń ti Ìbàdàn wọlé, wọ́n ń ti Kúmásì wọlé, àwọn tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò sì gbẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé baba onílé ni Olóòótọ́-Inú.

Nígbà tí ó yá, Àṣàbí, ìyàwó Gànìyù, kú sórí ìkúnlẹ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí Abọ́sẹ̀dé. Ọdún méjìlélógún ni Abọ́sẹ̀dé ti ń gbẹ̀bí ní Ìlọgán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ń sọ̀rọ̀ ní Ojúde, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n já sí nígbà tí wọ́n dé ayé. Ọjọ́ kejì tí wọ́n sin òkú, Olóòótọ́-Inú béèrè bóyá òótọ́ ni pé ẹni kẹta nìyẹn tí yóò kú mọ́ agbẹ̀bí náà lọ́wọ́. Ọdẹ́wùmí kò mọ ẹni kìn-ín-ní, kò mọ ẹnìkejì. Ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ni ó ti gbọ́ ọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni.

Kí oòrùn tó wọ̀, èsì ti lé ní igba. Àwọn kan ní ibi ọmọ ni ó ń tà. Àwọn kan ní àjẹ́ ni. Ẹnìkan fi àwòrán ilé Abọ́sẹ̀dé síbẹ̀, ẹlòmíràn sì kọ orúkọ ilé-ìwé tí ọmọbìnrin rẹ̀ ń lọ. Abọ́sẹ̀dé kọ lẹ́tà sí Ọdẹ́wùmí. Ó ní kí baba òun ṣàánú òun, kí wọ́n pa àwọn ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ọdẹ́wùmí ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò dá a lóhùn. Ó rò ó pé bí òun bá fa igi ìbéèrè yẹn tu, àwọn ènìyàn yóò béèrè ẹni tí ó gbìn ín. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti kọ̀ ọ́.

Ìyá Ẹfúntádé, aborìṣà tí ń fi ẹyọ mẹ́rìndínlógún wo ọ̀ràn, kò ní fóònù rí. Ó na ẹyọ kan sí Ọdẹ́wùmí, Ọdẹ́wùmí sì sọ ẹ̀dùn rẹ̀ sí i lábẹ́ ètè. Ìyá da ẹyọ sílẹ̀. Mẹ́fà ṣíjú, mẹ́wàá dojú bolẹ̀. Ọ̀bàrà ni ó yọ. Ó wò ó títí, ó ní:

"Ilé kan ń bẹ lọ́wọ́ yín tí kò ní èèwọ̀. Ilé tí kò bá sì ní èèwọ̀, ẹran ara ènìyàn ni wọn yóò máa jẹ níbẹ̀."

Ọdẹ́wùmí béèrè ohun tí òun yóò fi rúbọ. Ìyá ka igbín mẹ́rìndínlógún fún un, ó ka òrí, ó ka aṣọ funfun kan. Ọdẹ́wùmí mí kanlẹ̀. Ìyá gbọ́wọ́ sókè.

"Ti ilẹ̀ nìyẹn. Ti ẹnu kù. Ẹ kọ èèwọ̀ ilé yín sí ẹnu ọ̀nà, kí gbogbo ẹni tí ń wọlé máa rí i. Ẹ gbá oró tí ó wà nílẹ̀ níbẹ̀ jáde. Ẹni tí ó sì kọ́kọ́ jẹ èèwọ̀, òun ni kí èèwọ̀ kọ́kọ́ mú, lójú gbogbo ayé. Ẹ mọ̀ ọ́n. Èmi kò bi yín ní orúkọ rẹ̀."

Ọdẹ́wùmí ní: "Ìyá, ṣé a kò lè fi ewúrẹ́ kún ti ilẹ̀, kí a fi ti ẹnu sílẹ̀?"

"Òrìṣà kì í gba ewúrẹ́ dípò ọ̀rọ̀."

Ọdẹ́wùmí lọ sílé. Ó ra igbín, ó ra òrí, ó ra aṣọ, ó rú ti ilẹ̀ pé. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó ti òfin. Odindi ọjọ́ mẹ́rìnlá ni ó fi kọ ọ́, nítorí ẹni tí ó mọ̀wé ni. Òfin náà dára lójú. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bú ẹnìkejì rẹ̀ tàbí kí ó ṣépè fún un. Kò gbọdọ̀ fi ibi tí ẹlòmíràn ń gbé hàn. Kò gbọdọ̀ parọ́ mọ́ni. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé ẹ̀sùn kan náà wá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, kí ó má baà da Ojúde láàmú. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó ti fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ọ́ pé òní ni òfin bẹ̀rẹ̀, kò kan ohun tí wọ́n ti sọ ṣáájú. Báyìí ni ó ṣe yọ ara rẹ̀ nínú ẹbọ. Àwọn ènìyàn yìn ín. Wọ́n ní ọba pàápàá kò lè ṣe òfin jù bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni ó fi jẹun dáadáa. Ó rò pé òun ti rí òrìṣà rẹ́ jẹ.

Abọ́sẹ̀dé rí òfin náà, inú rẹ̀ dùn. Ó wọ Ojúde pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀ àti àwòrán ojú ara rẹ̀, láàárín ogunlọ́gọ̀ àwọn tí wọ́n daṣọ bojú. Ó fi òfin bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pa irọ́ tí wọ́n pa mọ́ òun rẹ́. Ọdẹ́wùmí fèsì pé ọ̀rọ̀ náà ti wà kí òfin tó dé. Ó tún bẹ̀bẹ̀, èsì kan náà ni ó gbà. Nígbà kẹta, ohun tí ó kọ kò ju ìlà kan lọ: "Bàbá mi, ta ni Olóòótọ́-Inú? Ẹ ní kó wá sọ ọ́ lójú mi."

Ọdẹ́wùmí ṣí òfin tí ó fúnra rẹ̀ kọ, ó ka ibi tí ó ti ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀sùn kan náà wá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ Abọ́sẹ̀dé. Ó sì kọ ọ́ sí abẹ́ orúkọ rẹ̀, níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i: A lé e jáde nítorí ó rú òfin.

Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí òfin náà mú.

Ìlọgán ka ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni ka ìdájọ́. Wọ́n ní bí kò bá jẹ̀bi, kí ni òfin ń wá lọ́rùn rẹ̀? Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wọ́n wó pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lulẹ̀. Aboyún kò yà síbẹ̀ mọ́. Ọmọ rẹ̀ kọ̀ láti lọ sí ilé-ìwé.

Abọ́sẹ̀dé náà tọ Ìyá Ẹfúntádé lọ. Ìyá ní kí ó rú ẹyẹlé funfun méjì, kí ó kó ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀, kí ó lọ sí Ọ̀gbún-Odò, ìlú ìyá rẹ̀, kí ó má sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn ní Ìlọgán mọ́. Ẹbọ náà korò. Ẹni tí kò ṣẹ̀ a máa fẹ́ kí ayé gbọ́ tẹnu òun kí ó tó dìde. Abọ́sẹ̀dé sunkún níwájú ẹyọ títí ojú rẹ̀ fi wú. Ṣùgbọ́n ó rú u. Ó lọ lọ́jọ́ ọjà, kò sì sí ẹni tí ó sìn ín sọ́nà.

Òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Gànìyù wá bá Ọdẹ́wùmí nílé. Ó yọ lẹ́tà kan jáde nínú àpò, ó fi lé e lọ́wọ́. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta kí Àṣàbí tó rọbí ni Abọ́sẹ̀dé ti sọ fún àwọn pé ọ̀rọ̀ náà ju agbára òun lọ, tí ó sì kọ lẹ́tà yìí pé kí àwọn mú un lọ sí ọsibítù ìjọba. Gànìyù ní òun fi í sápò. Òun rò pé ó lè dúró, títí ìrọbí fi ká àwọn mọ́ tí kò sí ibi tí ó súnmọ́ ju ilé Abọ́sẹ̀dé lọ. Nígbà tí ìlú sì wá ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi fún òun, òun dákẹ́, nítorí ìdákẹ́ rọrùn fún òun. Ó wá ń bẹ Ọdẹ́wùmí pé kí ó bá òun wá Olóòótọ́-Inú rí, kí àwọn méjèèjì lè jọ lọ kúnlẹ̀ fún obìnrin náà.

Ọdún márùndínlógójì ni Ọdẹ́wùmí fi gbé lẹ́tà ẹni ẹlẹ́ni lọ́wọ́, kò sí èyí tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí. Gànìyù tún ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bẹ̀.

"Èmi ni," ni Ọdẹ́wùmí wí.

Gànìyù gba lẹ́tà rẹ̀, ó dìde, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ náà gan-an ni Ọdẹ́wùmí jẹ́wọ́ ní Ojúde. Wọn kò gbà á gbọ́. Àwọn kan ní olè ni ó jí orúkọ rẹ̀ lò. Àwọn kan ní obìnrin náà ti fi oògùn mú un. Àwọn tí ó gbà á gbọ́ bú u débi pé wọ́n bú ìyá tí ó bí i, kò sì lè fi òfin mú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó pa gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ nípa Abọ́sẹ̀dé rẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kó o sínú fóònù wọn. Ohun tí ó parẹ́ níhìn-ín, a hù ní ibi mẹ́wàá. Ní ìgbà òjò yẹn, aboyún méjì kú sójú ọ̀nà ọsibítù, nítorí kò sí agbẹ̀bí kankan ní Ìlọgán mọ́.

Ọdẹ́wùmí wọkọ̀ lọ sí Ọ̀gbún-Odò. Àwọn aboyún kún orí àga gbọọrọ níwájú ilé Abọ́sẹ̀dé. Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀ kí i bí ọmọ ṣe ń kí àgbà, ó gbé àga fún un, ó bu omi fún un. Ọdẹ́wùmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja níṣojú gbogbo wọn. Ó ní òun ti sọ òótọ́, òun ti wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́, kí ó darí wálé. Abọ́sẹ̀dé gbé e dìde, ó sì gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù.

"Bàbá, orúkọ tí ẹ ń wí yẹn, mo ti sin ín sí Ìlọgán. Ẹ má hú u mọ́. Ẹ ṣáà bá mi kí àwọn aboyún tó kù níbẹ̀."

Obìnrin kan ké nínú yàrá. Abọ́sẹ̀dé tọrọ gáfárà, ó wọlé. Ọdẹ́wùmí jókòó títí àga gbọọrọ fi ṣófo. Abọ́sẹ̀dé kò jáde. Ọdẹ́wùmí gbé ife omi sílẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí gáréèjì.

Ó ti Ojúde pa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ti jáde níbẹ̀ ṣì ń rìn kiri. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀ títí di òní. Abọ́sẹ̀dé gbọ́ rírú ẹbọ, ó rú u pẹ̀lú omijé. Kò jó, kò yọ̀, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ kún fún igbe ọmọ tuntun. Ọdẹ́wùmí rú ti ilẹ̀, ó fi ti ẹnu pamọ́. Nígbà tí yóò fi gbé e wá, àbámọ̀ ni ó bá ní ìdí òrìṣà.