Káfíńtà Tí Kò Ní Ilẹ̀kùn

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣe káfíńtà. Bí wọ́n bá to gbogbo ilẹ̀kùn tó ti kàn nílùú yẹn sílẹ̀, wọn á gùn dé etí òkun, èyí tó bá ṣẹ́kù á di afárá fún ẹja. Síbẹ̀, kò ní ilẹ̀kùn kan tó lè pè ní tirẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ló fi gbé yàrá méjì tó háyà lọ́wọ́ onílé kan tó máa ń ka iye aṣọ tí wọ́n bá sá. Bí àwọn ọmọ káfíńtà bá rẹ́rìn-ín, ìyá wọn á ní, "Ẹ rọra, onílé ń gbọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn ún ju òòlù tó bá bà á níka lọ.

Ó wá gbọ́ pé báǹkì kan wà tó ń báni ra ilé. Báǹkì á sanwó ilé, ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ á máa san án padà lóṣooṣù fún ọdún mẹ́wàá. Ilé kékeré kan sì wà nítòsí ilé ìwé, yàrá mẹ́ta, igi ọsàn kan níwájú. Káfíńtà lọ wò ó nígbà mọ́kànlélógójì. Akọ̀wé báǹkì ní, "Bàbá, ìwé yín dáa, àmọ́ ẹ kì í gba owó oṣù. Ẹ lọ mú onígbọ̀wọ́ wá, ẹni tó nílé tiẹ̀, tó máa fi ìwé ilé náà dúró fún yín. Bí ẹ ò bá san, òun la máa dì mú." Ó fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Káfíńtà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Olóyè kan wà ládùúgbò tí ilé rẹ̀ ga débi pé igún tó bá ń fò lọ sórí òrùlé rẹ̀ ní láti sinmi lójú ọ̀nà. Káfíńtà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Olóyè ní, "Ìyẹn nìkan? Èmi tí mo lè dúró fún ìjọba?" Ó buwọ́ lùwé, bírò fẹ́rẹ̀ẹ́ gún tábìlì já. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, báǹkì dá ìwé padà. Ó ti tó ọdún méje tí Olóyè ti fi ilé gogoro yẹn yáwó níbòmíràn. Bó ṣe ga tó, kò sí búlọ́ọ̀kù kan nínú rẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀.

Ó wá ku ọjọ́ márùn-ún. Káfíńtà jókòó, ayùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè rẹ́ pátákó. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Àyọ̀ká, Ìyá Agbẹ̀bí ńkọ́?"

Obìnrin yìí ló gbẹ̀bí àwọn ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó tó fẹ̀yìn tì. Ilé rẹ̀ kúrú débi pé ewúrẹ́ lè nàgà jẹ koríko orí òrùlé. Ilẹ̀kùn iwájú rẹ̀ ti jẹrà nísàlẹ̀.

Káfíńtà ní, "Ẹni tó ń fi òkúta ti ilẹ̀kùn?"

"Òkúta ló fi ń tì í, àmọ́ ṣé ẹ ti gbọ́ pé ẹnì kan wá kàn án pé òun wá gba ilé òun?"

Ó lọ. Ìyá Agbẹ̀bí gbọ́ ọ tán, ó wá bi í ní ohun tí Olóyè ò bi í. "Ọjọ́ tí o ò bá rówó san, kí lo máa ṣe?"

"Ìyá, bí òjò iná bá ń rọ̀, màá san án."

"Mi ò bi ọ́ léèrè òjò. Gbogbo ọkùnrin ló máa ń búra nígbà tí ìyàwó wọn bá ń rọbí. Ohun tí mo fẹ́ ni pé bí owó ò bá ní pé, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ kí báǹkì tó gbọ́. Kí o wá bá mi kí o tó bọ́jú. Mi ò gba nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ."

Ó fa ìwé ilé rẹ̀ yọ látinú agolo bisikíìtì. Ìwé náà mọ́ bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Báǹkì gbà á, káfíńtà kó wọlé, àwọn ọmọ rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín débi tí ọsàn fi ń já lórí igi.

Lọ́dún kẹta, ó já bọ́ láti orí òrùlé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán níbi méjì. Teguntegun ní kó má fọwọ́ kan òòlù fún oṣù mẹ́rin. Owó tó wà nílé ò sì lè tó ti oṣù tó ń bọ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà. Iwájú ilé Ìyá Agbẹ̀bí ni ojú títì gbà kọjá, káfíńtà wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé ìwé lọ sílé kí ìyá náà má bàa rí ọwọ́ tó so kọ́rùn. Ọ̀nà tí èèyàn lè súfèé dé ìparí rẹ̀ wá di ìrìn wákàtí kan. Ìtìjú ni. Ó rò pé tóun bá dákẹ́, ọwọ́ á jinná kí oṣù tó parí. Bẹ́ẹ̀, egungun ò mọ kàlẹ́ńdà kà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbọ́ tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ọmọ náà ní, "Rọra." Káfíńtà dìde. Kò bọ́jú, ó jáde.

Ìyá Agbẹ̀bí ń gbálẹ̀ níta. Ó wo ìpin tó wà lójú rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Oṣù ku ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, mà."

"O ò tíì jẹ gbèsè nìyẹn. Mo ti ń wò ọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí ò ń gba ẹ̀yìn ilé ìwé bí adìyẹ tó fẹ́ lọ yé sílé aládùúgbò. Lọ bọ́jú."

Ó wé gèlè, wọ́n jọ lọ sí báǹkì. Akọ̀wé wò wọ́n títí. Ó ti lé onígbèsè gba inú oko, ó ti bá wọn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àmọ́ kò tíì rí ẹni tó mú onígbọ̀wọ́ rẹ̀ wá kí ọjọ́ tó pé. Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n ní kí káfíńtà máa san ìdajì fún oṣù mẹ́fà, kó wá san èyí tó kù lẹ́yìn tí ọdún mẹ́wàá bá pé.

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀, Ìyá ní, "Ọwọ́ rẹ ló kán, ẹnu rẹ ò kán. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ tó ti gba fúríìdọ̀mù dà?" Káfíńtà pe méjì nínú wọn. Ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn, ó ń fẹnu júwe, wọ́n ń rẹ́ pátákó. Ilẹ̀kùn tí ẹnu rẹ̀ kàn lóṣù mẹ́rin yẹn pọ̀ ju èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kàn lọ́dún méjì lọ.

Ọdún mẹ́wàá àti oṣù mẹ́ta, ó san án tán. Báǹkì kó ìwé ilé méjì lé e lọ́wọ́, tirẹ̀ àti ti Ìyá Agbẹ̀bí. Kò gba ẹ̀yìn ilé ìwé lọ́jọ́ yẹn. Ojú títì gbangba ló gbà, ó ru ilẹ̀kùn ìrókò sórí, ilẹ̀kùn tó wúwo débi pé ilẹ̀ ń kérora.

Àwọn èèyàn ní, "Káfíńtà, ṣé o ń kó ilé lọ ni?"

Ó ní, "Mo ń dá ilé padà fún onílé ni."

Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Agbẹ̀bí, ó na ìwé ilé rẹ̀ sí i. Ìyá ní, "Dìde, o ń fi agbádá gbá ibi tí mo ti gbá." Káfíńtà yọ ilẹ̀kùn tó ti jẹrà, ó kan tuntun. Ìyá tì í, ó ṣí i, ó tún tì í, nígbà mọ́kànlá. Ó wá wò yíká.

"Òkúta mi dà?"

"Mo ti jù ú sí gọ́tà, mà."

"Lọ gbé e wá. Ó ti ṣe onígbọ̀wọ́ ilẹ̀kùn mi fún ọgbọ̀n ọdún, kò já mi kulẹ̀ rí."

Ìwọ tí ò ń wá ẹni tó máa dúró fún ọ kiri, má wo bí ilé ṣe ga tó. Wo ìwé tó wà nínú agolo. Tó o bá sì ti rí ẹni náà, má gba ẹ̀yìn ilé ìwé. Lọ bá a pẹ̀lú ìpin lójú, kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tó bá dúró fún ọ, má jẹ́ kó dá dúró.