Ẹ̀rọ tó Mọ Ìṣesí Ọ̀sà

Gbádégẹṣin fẹ́ràn ẹ̀rọ rẹ̀ bí abiyamọ ṣe fẹ́ràn àkọ́bí. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Èkó ló fi ọgbọ́n àtọwọ́dá ṣe é, kó lè máa sọ fún àwọn apẹja, kí wọ́n tó gbéra, bóyá ìjì yóò jà lórí ọ̀sà lọ́jọ́ náà. Bó bá sọ̀rọ̀ nígbà mẹ́wàá, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n fi han àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ bíi tiwọn, àtẹ́wọ́ gba gbogbo ilé kan.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e dé Ebútẹ́-Ìlẹ̀kẹ̀, níbi tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹja ni gbogbo ilé ń ṣe, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Àwọn èèyàn kàn ń wò wọ́n ni. Ìyá Ayétiwá, olórí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja, ẹni tí ọ̀sà ti gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, kí ni ẹ̀rọ yín wí lónìí?"

"Ó ní ọ̀sà yóò pa rọ́rọ́ títí di ìrọ̀lẹ́, mà."

"Ó dáa. Àbúrò mi, Ikúẹ̀mọlá, ló fẹ́ gbéra yẹn. Bọ́ sínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ jọ lọ."

Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Àwa kì í ṣe apẹja o, mà."

"Omi kì í béèrè iṣẹ́ ẹni kó tó gbé e lọ," ni ìyá náà dáhùn.

Gbádégẹṣin kò lè lúwẹ̀ẹ́. Ìgbà mẹ́sàn-án tó fi ń yangàn fò lọ lọ́kàn rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tó kù ló wá ń wò ó lójú korokoro. Kò tíì rò ó rí pé èèyàn kan yóò wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà bá ṣì í. Síbẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó wọkọ̀.

Wọn ò tíì jìnnà tí afẹ́fẹ́ fi dé. Omi ru, ọkọ̀ ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Gbádégẹṣin ń fi igbá gbọ́n omi dànù, Ikúẹ̀mọlá ń tukọ̀ padà tagbáratagbára. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, gbogbo èèyàn rò pé àwáwí ni Gbádégẹṣin yóò wá. Inú ẹrẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ sí.

"Ẹ̀rọ wa ṣì í, mà. Ẹ jẹ́ kí n dúró tì yín, kí n tún un ṣe."

Ìyá Ayétiwá fi ìborùn rẹ̀ nu ojú fún un. "Dìde. Ọkùnrin ni ọ́."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí Èkó. Òun gba yàrá sí ebútẹ́. Ó kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ó tún ẹ̀rọ náà ṣe, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbogbo àárọ̀ tí ẹ̀rọ bá sì ti ní kí wọ́n máa lọ, inú ọkọ̀ tó kọ́kọ́ gbéra ni Gbádégẹṣin ń wà.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, ẹ̀rọ ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Àwọn apẹja wo òkè, wọ́n wo Gbádégẹṣin tó jókòó sórí iyanrìn, tí kò mira. Ikúẹ̀mọlá ló kọ́kọ́ so ọkọ̀ rẹ̀ padà mọ́ èèkàn; àwọn yòókù ṣe bẹ́ẹ̀. Kí oòrùn tó kàn àtàrí, ìjì tó jà ti ṣí òrùlé ilé mélòó kan, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Ebútẹ́-Ìlẹ̀kẹ̀ kankan lójú omi.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá yin ohun tuntun fún wọn níbẹ̀, òwe tí àwọn àgbà fi ń dá a lóhùn ni pé: ẹni tó ní ọ̀sà pa rọ́rọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀.